Àwòrán Karùn-ún ti Ọpọlọ Ìṣólẹ́nu

Ìṣólẹ́nu ni gbogbo àdúgbò ń pè é, iṣẹ́ àga bíbò ló sì ń ṣe. Àga tí aṣọ rẹ̀ ti ya, tí fóòmù inú rẹ̀ ti tẹ́ pẹrẹsẹ, òun ni wọ́n ń gbé e wá fún. Yóò tú u dé orí igi, yóò pààrọ̀ ohun tó bá yẹ ní pípààrọ̀, yóò wọ aṣọ tuntun fún un. Bí ẹni tó ni ín bá wá gbé e, ńṣe ni yóò máa bi í pé ṣé àga òun náà nìyí. Ọdún mọ́kànlélógójì ló ti wà lẹ́nu iṣẹ́ yìí.

Ìyàwó rẹ̀ ló ń rán aṣọ àga náà. Yàrá méjì ni ṣọ́ọ̀bù wọn. Ẹ̀rọ ìránṣọ ìyàwó wà ní yàrá ìta, lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Tábìlì ọkọ wà ní yàrá inú. Aṣọ ìkélé kan ló dá wọn méjèèjì sí méjì. Bí òòlù ọkọ bá dákẹ́ ju bó ṣe yẹ lọ, ìyàwó á pariwo láti ìta pé, "Ṣé ẹ ti sùn ni?" Òun náà á dáhùn pé, "Mo ń ronú." Ìyàwó á ní, "Ọ̀kan náà ni."

Ibi iṣẹ́ ni orúkọ rẹ̀ ti wá. Ẹni tó bá ń fi ìṣó kéékèèké kan aṣọ mọ́ igi àga, ọwọ́ kan ló ń fa aṣọ kó le, ọwọ́ kejì ló ń di òòlù mú. Ọwọ́ kẹta tí yóò mú ìṣó kò sí. Ẹnu ló ń ṣe ọwọ́ kẹta. Ìṣó bí ogún á wà ní ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ahọ́n á mú ọ̀kan, á yí i kí orí rẹ̀ kọjú síta, á tì í dé ètè. Òòlù iṣẹ́ náà tẹ́ẹ́rẹ́, òòfà sì ni orí rẹ̀. Bó bá ti kan ètè báyìí, ìṣó á lẹ̀ mọ́ ọn, ó di ara igi. Gbà, kàn. Gbà, kàn. Nígbà tí ara rẹ̀ ṣì le koko, ó ń kan ọgbọ̀n láàárín ìṣẹ́jú kan, kò sì sí ẹni tó gbọ́ ohùn rẹ̀ láti àárọ̀ di ọ̀sán.

Nígbà tó yá, ìbọn ìṣó dé, irú èyí tí èèyàn ń fi ọwọ́ fún tí ìṣó á yọ. Òun náà rà á, ó gbé òòlù kọ́ ara ògiri. Ogún ọdún ló fi lò ó; ẹnu rẹ̀ ṣófo, àmọ́ dídákẹ́ ti mọ́ ọn lára. Lọ́jọ́ kan, ìbọn náà kọ̀, kò yin. Ó gbé e lọ sọ́dọ̀ ọkùnrin tó ń tún irinṣẹ́ ṣe ní òdìkejì títì. Ọkùnrin náà gbà á, ó yin ìṣó mẹ́ta sára pákó.

"Bàbá, nǹkan kan ò ṣe ìbọn yín."

Ó gbé e délé, kò yin. Ó tún gbé e padà. Ọkùnrin náà tún yin mẹ́ta. Lẹ́ẹ̀kẹta, kò tilẹ̀ gba ìbọn lọ́wọ́ rẹ̀ mọ́.

"Bàbá, ọwọ́ yín ni kí ẹ fún mi, kí n wò ó."

Òun ni dókítà àkọ́kọ́ tó yẹ̀ ẹ́ wò. Ó ní ẹran tó wà láàárín àtàǹpàkò àti ìka ìfábẹ̀là ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ ti rún, bí fóòmù tí wọ́n ti jókòó lé fún ọdún mẹ́wàá.

Nílé ìwòsàn, wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò títí. Dókítà tó wá jókòó tì í jẹ́ obìnrin tó kéré sí àkọ́bí rẹ̀, ọ̀rọ̀ rẹ̀ sì ṣe tààrà. Ó ní àwọn okùn tín-ín-rín kan wà tó ń gbé àṣẹ láti ọpọlọ wá sí ọ̀pá ẹ̀yìn. Àwọn mìíràn á gbà á níbẹ̀, wọ́n á gbé e dé ọwọ́, ẹsẹ̀ àti ahọ́n. Àwọn okùn náà ló ń kú díẹ̀díẹ̀ lára rẹ̀. Oògùn tó wà lè fà á sẹ́yìn díẹ̀, kò lè wò ó sàn.

Ìṣólẹ́nu ní, "Ṣé ó ń yára ni, àbí ó ń rọra?"

"Ó ń yára lára ẹlòmíì, ó ń rọra lára ẹlòmíì. Ohun tí àwa náà ń wá nìyẹn."

Bó ṣe di ara àwọn tí wọ́n ń ya àwòrán ọpọlọ wọn nìyẹn. Àwòrán márùn-ún láàárín ọdún méjì, ọ̀kan ní oṣù mẹ́fà mẹ́fà, kí wọ́n lè mọ̀ bóyá ojú ẹ̀rọ á rí ìrìn àìsàn náà kí ọwọ́ tàbí ẹsẹ̀ tó fi hàn. Ọ̀sẹ̀ méjì péré ni wọ́n ń fún èèyàn fún àwòrán kọ̀ọ̀kan. Ẹni tí tirẹ̀ bá fo ọ̀kan, wọ́n á yọ gbogbo èyí tó ti yà kúrò nínú ìṣirò. Dókítà sì ti ṣèlérí fún un pé bí karùn-ún bá ti wọlé, òun á tò wọ́n síwájú rẹ̀, òun á sì fi bí nǹkan náà ṣe ń rìn hàn án.

Ìyàwó rẹ̀ bi í nígbà náà pé, "Kí lẹ fẹ́ rí níbẹ̀?"

Ó ní, "Bí mo bá gba àga, mo máa ń fẹ́ rí igi inú ẹ̀."

Ó gbé òòlù àtijọ́ sọ̀kalẹ̀ láti ara ògiri. Oṣù mẹ́ta ló fi kọ́ bí wọ́n ṣe ń fi ọwọ́ òsì kàn án. Ọwọ́ ọ̀tún kò lè fún nǹkan mọ́, ṣùgbọ́n ó ṣì lè tẹ aṣọ mọ́lẹ̀. Ìṣó padà sí ẹnu. Àga mẹ́rin ló ń parí lọ́sẹ̀, níbi tó ti ń ṣe mẹ́jọ tẹ́lẹ̀. Kò ṣàròyé.

Lẹ́yìn àwòrán kẹrin, obìnrin kan tó ń yẹ ọ̀fun wò nílé ìwòsàn fún un lómi mu, ó fún un ní bisikíìtì, ó ń tẹ́tí sí ọ̀fun rẹ̀ bí ẹni tó ń gbọ́ ìròyìn. Ó ní ahọ́n ṣì dáa, àmọ́ ọ̀fun ti ń dẹ̀ díẹ̀. Kó má ṣe fi ohun kékeré tó le sẹ́nu mọ́.

Ìyàwó rẹ̀ ní, "Ìṣó ńkọ́?"

Obìnrin náà rẹ́rìn-ín, ó rò pé àwàdà ni. Ìyàwó kò rẹ́rìn-ín.

Bí wọ́n ṣe délé, ó gbé àwo pẹrẹsẹ kan sórí tábìlì ọkọ rẹ̀, ó da ìṣó sínú rẹ̀. "Láti òní lọ, ẹnu yín kì í ṣe àpò ìṣó mọ́. Bí mo bá tún rí ọ̀kan níbẹ̀, èmi àti ẹ̀yin ni."

Ó gbà. Ṣùgbọ́n inú àwo, bó ṣe wu ìṣó ló ń sùn. Òòlù á gbé e ní ìhà, á gbé e ní ẹnu ṣóńṣó, á gbé mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ìka ọ̀tún kò sì lè ṣa ohun tó kéré tó bẹ́ẹ̀. Ahọ́n nìkan ló mọ bí wọ́n ṣe ń yí i. Torí náà, bí aṣọ ìkélé bá ti wà nílẹ̀, á ju mẹ́fà tàbí mẹ́jọ sẹ́nu. Bó bá gbọ́ tí bàtà ìyàwó rẹ̀ ń lu ilẹ̀ pà-pà-pà, á tu wọ́n sínú àwo. Oṣù márùn-ún ló fi ṣe é, àṣírí kò tú.

Níbi tí nǹkan dé nìyẹn nígbà tí ọ̀gá gbọ̀ngàn eré kan wá bá a. Àga ọgọ́fà ló wà nínú gbọ̀ngàn náà, ìlà mẹ́wàá, méjìlá ní ìlà kọ̀ọ̀kan, gbogbo wọn ló ti ya. Ó ní àfi Ìṣólẹ́nu ni òun fẹ́ kó bò wọ́n. Ìṣólẹ́nu ṣírò rẹ̀ lójú ẹsẹ̀: ọgbọ̀n ọ̀sẹ̀. Tẹ́lẹ̀, ì bá ti sọ pé kó máa kó wọn bọ̀. Ó ní, "Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ rí àwòrán mi. Ìparí oṣù ni màá dá yín lóhùn."

Kì í gba iṣẹ́ tí kò ní parí. Láti ọjọ́ tó ti dá ṣọ́ọ̀bù sílẹ̀, kò sí àga kankan tó kúrò níwájú rẹ̀ láìní aṣọ lára. Bó bá máa gba ọgọ́fà, ó fẹ́ mọ bí ọwọ́ òsì á ṣe bá a dé. Àwòrán karùn-ún ló lè sọ ohunkóhun fún un.

Ọjọ́rú ni wọ́n fi í sí. Ní ọjọ́ Ajé ọ̀sẹ̀ náà, àga olùkọ́ àgbà kan tó ti fẹ̀yìn tì ló wà lórí tábìlì. Ìṣó mẹ́fà ló wà lẹ́nu Ìṣólẹ́nu. Ó dá a lójú, torí ó máa ń kà wọ́n. Ó gbọ́ tí ẹ̀rọ ìránṣọ dákẹ́, kò kà á sí, bàtà ló ń tẹ́tí sí. Kò mọ̀ pé bàtà ìyàwó rẹ̀ ti já láàárọ̀, ẹsẹ̀ lásán ló fi ń rìn.

Aṣọ ìkélé ṣí gbàgà.

"Ṣé ẹ ti jẹun?"

Ó mi orí.

"Mo ní ṣé ẹ ti jẹun? Ẹ ò lẹ́nu ni?"

"Ẹn," ló wí, ìṣó kan sì bá ọ̀nà ọ̀fun lọ.

Ahọ́n rẹ̀ kà wọ́n. Márùn-ún.

"Kí ló dé tí ẹ ń wò mí báyìí?"

Ó nawọ́ sí àga. Ìyàwó wo àga, ó wo ọkọ rẹ̀. Ó ní, "Àga lẹ jẹ?" Ó bá tirẹ̀ lọ.

Inú kò run ún lọ́jọ́ náà, kò run ún lọ́jọ́ kejì. Ó jẹun ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, inú ìyàwó rẹ̀ dùn sí i.

Láàárọ̀ Ọjọ́rú, ìyàwó yẹ ara ọkọ rẹ̀ wò bó ṣe máa ń ṣe kí wọ́n tó lọ ya àwòrán. Òòfà ńlá ni ẹ̀rọ ayàwòrán náà, wọn kì í fẹ́ rí irin nítòsí rẹ̀. Òòlù iṣẹ́ ni ìyàwó máa ń mú, á fi orí rẹ̀ gba ara ọkọ rẹ̀ kọjá láti irun dé ìṣẹ́tí ṣòkòtò, torí ìṣó máa ń sá pamọ́ sára ẹni tó ń bo àga. Lọ́jọ́ yẹn, ó rí ọ̀kan nínú ìṣẹ́po apá. Nígbà tí òòlù dé ikùn, ọkùnrin náà fa ikùn sẹ́yìn.

"Ẹ dúró dáadáa jàre."

"Òòlù yẹn tutù."

Nílé ìwòsàn, obìnrin ayàwòrán ti ń dúró dè wọ́n. Obìnrin ńlá ni, ẹ̀rín rẹ̀ tóbi ju òun fúnra rẹ̀ lọ. "Bàbá Alága! Ẹ káàbọ̀ o. Karùn-ún rèé, ẹ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gboyè." Ó mú ìwé ìbéèrè jáde. Ìbéèrè náà kì í yí padà, Ìṣólẹ́nu ti fẹ́rẹ̀ẹ́ há a sórí.

"Ṣé ẹ ní ẹ̀rọ kankan tó ń bá ọkàn yín ṣiṣẹ́?"

"Rárá."

"Ṣé wọ́n ti ṣiṣẹ́ abẹ fún yín tí wọ́n fi irin sílẹ̀ níbẹ̀?"

"Rárá."

"Ṣé irin ti ta sí yín lójú rí?"

"Rárá."

"Ṣé irin kankan wà nínú ara yín, yálà èyí tó gún yín tàbí èyí tí ẹ gbé mì?"

Ìṣólẹ́nu wo ilẹ̀kùn yàrá tí ẹ̀rọ náà wà. Bó bá ní bẹ́ẹ̀ ni, wọ́n á dá a padà sílé, bóyá ọ̀sẹ̀ méjì á sì kọjá, àwòrán mẹ́rin àtẹ̀yìnwá á di ìdọ̀tí, òun á sì máa méfò lórí àga ọgọ́fà. Bó bá ní rárá, kò sẹ́ni tó máa mọ̀. Ṣùgbọ́n ọdún mọ́kànlélógójì ló ti ń wo ohun tí ìṣó máa ń ṣe bí òòfà bá sún mọ́ ọn. Kì í lọ tààrà. Á kọ́kọ́ yí, á wá orí tàbí ṣóńṣó rẹ̀, lẹ́yìn náà á fò. Òòfà òòlù rẹ̀ kò ju ìka kan lọ. Èyí tó wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn yẹn tó mọ́tò.

"Bàbá Alága?"

"Ọ̀kan," ló wí.

Ìyàwó rẹ̀ yí sí i. "Ọ̀kan kí ni?"

"Ọjọ́ Ajé. Ìgbà tí o ń bi mí pé ṣé mo ti jẹun."

Ìyàwó ká ọwọ́ lérí. "Yéè! Oúnjẹ ni mo béèrè, ìṣó lẹ jẹ! Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè! Oṣù márùn-ún ni ẹ ti ń pa mí lójú dé!"

Obìnrin ayàwòrán fi ìwé bo ojú, èjìká rẹ̀ ń mì. Nígbà tó ṣí ojú, ó ní, "Ìyá, ẹ forí jì wọ́n. Wọ́n sọ òótọ́. Bí wọ́n bá parọ́ fún mi, ẹ̀rọ tó wà nínú yẹn ni ì bá já a, kì í sì í fi ẹnu já irọ́."

Wọ́n mú un lọ ya ẹ́síréè ikùn ní yàrá kẹta sí ibẹ̀. Nígbà tí àwòrán yọ lójú ẹ̀rọ, egungun ìhà hàn, ọ̀pá ẹ̀yìn hàn, ìṣó náà sì hàn, ó funfun báláú.

"Méjì ni," ọkùnrin tó ya ẹ́síréè ló wí bẹ́ẹ̀.

Ìṣólẹ́nu ní, "Ọ̀kan ni. Mo kà á."

"Bàbá, ẹ wá wò ó."

Ó súnmọ́ ọn, ó wò ó dáadáa. Ọ̀kan kúrú, èkejì gùn jù ú lọ díẹ̀. Ó mọ̀ wọ́n bí ẹni mọ ọmọ. "Ìṣó kúrú yìí, nọ́ńbà mẹ́ta ni. Ti ọjọ́ Ajé nìyẹn. Èyí..." Ó fi ìka òsì tọ́ka sí èkejì. "Nọ́ńbà mẹ́fà ni. Àga agẹrun ni mo fi nọ́ńbà mẹ́fà kàn, lọ́sẹ̀ tó kọjá."

Ìyàwó rẹ̀ ní, "Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Ẹ bá mi wò ó dáadáa, ẹ̀kẹta lè wà níbẹ̀, bóyá àga náà wà níbẹ̀." Àwọn tó wà nínú yàrá rẹ́rìn-ín.

Ìṣólẹ́nu kò lè rẹ́rìn-ín. Ti ọjọ́ Ajé, ó mọ ìgbà tó lọ. Ti agẹrun, kò mọ̀ ọ́n. Òun tó ń ka ìṣó, ọ̀fun rẹ̀ gbé ọ̀kan lọ láìsọ fún un. Ọ̀rọ̀ tí obìnrin ọ̀fun sọ kò wọ̀ ọ́ létí lọ́jọ́ tó sọ ọ́. Ó wọ̀ ọ́ létí níbẹ̀.

Dókítà dé, ó wo ẹ́síréè, ó wo kàlẹ́ńdà. "Ọjọ́ Ẹtì ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni ọ̀sẹ̀ méjì yín parí. Bí ikùn bá ti mọ́ kó tó di ọ̀sán ọjọ́ náà, a óò yà á."

"Bí kò bá mọ́ ńkọ́?"

"Kò ní sí nínú ìṣirò. Ẹ máa jẹun, ẹ máa mu omi, ẹ máa rìn. Bí inú bá run yín, ẹ sáré wá lójú ẹsẹ̀."

Nílé, ìyàwó gbé ike ìyàgbẹ́ kan fún un, ó fi ọ̀rá wé òòlù olóòfà mìíràn, ó gbé e lé e lọ́wọ́. "Ẹ mọ òòfà lò. Iṣẹ́ yín rèé."

Ọjọ́ Àbámẹ́ta ni èyí kékeré jáde. Ìṣólẹ́nu fi tẹlifóònù pe obìnrin ayàwòrán. "Nọ́ńbà mẹ́ta ti dé."

"Ẹ kú oríire o, Bàbá Alága!"

Ìyàwó pariwo láti ìdí ẹ̀rọ ìránṣọ pé, "Ẹ bi í kó bá yín wá orúkọ tí ẹ máa sọ ọ́!"

Nọ́ńbà mẹ́fà kò yọjú. Ìṣólẹ́nu ń rìn yí àdúgbò po láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, àwọn aládùúgbò rò pé ó ń wá nǹkan tó sọnù. Bó bá ti rìn tán, á padà sídìí iṣẹ́. Kò fi ìṣó sẹ́nu mọ́, kò sì sẹ́ni tó tún sọ fún un pé kó má fi í síbẹ̀. Á máa fi òòlù lé ìṣó kiri inú àwo bí adìyẹ tó ń ṣa ọkà. Àga kan tó yẹ kó parí lọ́jọ́ kan àti ààbọ̀, ó gbà á lọ́jọ́ mẹ́ta.

Ìyàwó dúró lẹ́nu aṣọ ìkélé, ó ń wò ó. Ó padà sí yàrá rẹ̀, ó ṣa àjákù fóòmù kan tó gùn bí apá. Ó jókòó, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gún ìṣó sínú rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ṣóńṣó nísàlẹ̀, orí lókè, ó tò wọ́n bí ẹni gbin àlùbọ́sà. Nígbà tó kún, ó gbé e síwájú ọkọ rẹ̀.

Ìṣólẹ́nu gbé òòlù kàn án. Ìṣó lẹ̀ mọ́ ọn, orí ló fi lẹ̀ mọ́ ọn. Ó kàn án mọ́ igi. Ó tún gbà. Ó tún kàn. Ó kan mẹ́wàá. Ó gbé òòlù sílẹ̀, ó wo fóòmù náà bí ẹni tó rí àlejò tí kò retí.

"Ọdún mọ́kànlélógójì," ló wí. "Fóòmù wà nílẹ̀ yìí láti ọjọ́ yẹn wá."

"Ẹnu yín ló dí, ẹ ò lè béèrè."

Láti ọjọ́ náà ni ìyọnu mìíràn ti dé bá ìyàwó. Ẹnu ọkọ rẹ̀ ṣófo, ọ̀rọ̀ sì wọ ibẹ̀. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ ń lọ díẹ̀díẹ̀, àwọn kan ń wúwo lórí ahọ́n, àmọ́ kò dúró. Ó sọ ìtàn ọ̀gá tó kọ́ ọ níṣẹ́. Ó sọ ohun tó rí nínú àga adájọ́ kan nígbà kan rí: ìwé ìfẹ́ mọ́kànlá, kò sí èyí tó wá láti ọ̀dọ̀ ìyàwó adájọ́. Ìyàwó ní, "Ọgbọ̀n ọdún ó lé tí mo ti fẹ́ yín, ẹ ò sọ èyí fún mi!" Ó ní, "Ìṣó wà lẹ́nu mi." Ìyàwó ń ránṣọ, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń pariwo pé kí ẹnì kan bá òun dá ìṣó padà sẹ́nu ọkùnrin yìí.

Ní Ọjọ́bọ̀, wọ́n tún ya ẹ́síréè. Nọ́ńbà mẹ́fà ṣì wà níbẹ̀, ó ti sọ̀kalẹ̀ dé ìsàlẹ̀ pátápátá. Obìnrin ayàwòrán ní, "Ó ti dé ẹnu ọ̀nà. Ẹ bá mi bẹ̀ ẹ́."

Ìṣólẹ́nu kò jẹ́ kí ìyàwó rẹ̀ rí bí ẹ̀rù ṣe bà á. Ìyàwó kò sì jẹ́ kó mọ̀ pé òun rí i. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ ẹ̀fọ́ ló sè fún un, ó jẹ ẹ́ tán.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, aago méje kọjá díẹ̀, ìṣó fò mọ́ òòlù nínú ike. Ìró kékeré kan ni, tin. Ìyàwó tó wà lẹ́nu ilẹ̀kùn ilé ìyàgbẹ́ ló kọ́kọ́ fò sókè.

Aago mẹ́wàá, wọ́n ya ẹ́síréè: ikùn mọ́ tónítóní. Aago méjì, Ìṣólẹ́nu dùbúlẹ̀ lórí ibùsùn ẹ̀rọ náà, wọ́n gbé ohun kan bí akoto bo orí rẹ̀, wọ́n dí i létí, ibùsùn wọ inú ihò lọ.

Ariwo ẹ̀rọ náà kò tíì yé e láti àwòrán àkọ́kọ́. Ńṣe ló ń dún bí ìgbà tí èèyàn mẹ́wàá ń kan ìṣó pọ̀ láìsí ẹni tó kọ́ṣẹ́ parí láàárín wọn. Wọ́n ti sọ fún un pé bí iná pupa bá tàn níwájú rẹ̀, kó yí ahọ́n sọ́tùn-ún sósì, láìmi orí. Bí iná búlúù bá tàn, kó fún ọwọ́ òsì. Ó yí ahọ́n bó ṣe máa ń yí i níbi iṣẹ́, á mú un wá síwájú, á tì í dé ètè, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Ìṣẹ́jú márùndínláàádọ́ta. Nígbà tó jáde, obìnrin ayàwòrán ní, "Ẹ ò mira rárá. Òkúta lẹ jẹ́."

"Ẹ̀rù ló bà mí," ló wí. Obìnrin náà rò pé ó ń ṣàwàdà.

Ọjọ́ mẹ́wàá lẹ́yìn náà, òun àti ìyàwó rẹ̀ jókòó ní yàrá dókítà. Yàrá kékeré ni, àga mẹ́ta, tábìlì kan, ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà kan tó fẹjú. Dókítà to àwòrán márààrún sójú rẹ̀, láti òsì lọ sí ọ̀tún. Lójú ìyàwó, wọ́n jọra bí ẹyin adìyẹ. Ìṣólẹ́nu tẹ̀ síwájú.

Dókítà fi kálámù tọ́ka. "Èèpo ọpọlọ rèé. Apá ibí ló ń darí ọwọ́ ọ̀tún yín. Nínú àwòrán àkọ́kọ́, ó nípọn tó mílímítà méjì ààbọ̀."

Ìṣólẹ́nu fi àtàǹpàkò òsì ra ìka bí ẹni tó ń wọn awọ. "Awọ ìgbànú nìyẹn."

"Ó ṣeé ṣe. Nínú karùn-ún, ó ti dín ní ìdá kan nínú mẹ́wàá mílímítà, lé díẹ̀. Okùn tó ń sọ̀kalẹ̀ láti ibẹ̀ náà ti tú díẹ̀. Èyí bá ohun tí ọwọ́ yín ń sọ mu. Apá ibí ni ti ahọ́n àti ọ̀fun. Títí dé ìkẹrin, kò yí padà. Nínú karùn-ún, ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í tín-ín-rín, díẹ̀ báyìí."

Ìyàwó ní, "Ṣé ìṣó ló fà á?"

"Rárá, Ìyá. Ìṣó kò débẹ̀."

"Ọwọ́ òsì ńkọ́?" Ìṣólẹ́nu ló béèrè. Ohùn rẹ̀ rọlẹ̀.

"Láti ìkẹta dé ìkarùn-ún, mo wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ìyàtọ̀ tí mo rí kò tó ohun tí ẹ̀rọ yìí lè búra lé. Nínú gbogbo ẹni tí a jọ bẹ̀rẹ̀, ẹ wà lára àwọn tó ń rọra."

"Ṣé á máa rọra bẹ́ẹ̀ lọ?"

Dókítà gbé kálámù sílẹ̀. "Bàbá, mi ò ní parọ́ fún yín. Àwòrán ń fi ibi tí ẹsẹ̀ ti tẹ̀ hàn wá. Kò fi ibi tó ń lọ hàn. Wọ́n ti gbà fún wa láti ya ẹ̀kẹfà, oṣù mẹ́fà sí ìsinsìnyí, bí ẹ bá fẹ́."

Ìṣólẹ́nu gbójú sókè wo àjà. Ìyàwó mọ̀ pé ó ń ṣírò, ó fi í sílẹ̀. Oṣù mẹ́fà jẹ́ ọ̀sẹ̀ mẹ́rìnlélógún, àti díẹ̀. Àga mẹ́rin lọ́sẹ̀.

"Mẹ́rìndínlọ́gọ́rùn-ún," ló wí.

"Kí ni?" Dókítà ló béèrè.

"Ìlà mẹ́jọ. Màá gba ìlà mẹ́jọ ná. Bí a bá rí ẹ̀kẹfà, màá dá wọn lóhùn lórí méjì tó kù."

Ìyàwó ní, "Àwọn tó máa jókòó ní ìlà méjì tó kù ńkọ́?"

"Kí wọ́n jókòó lórí èyí tó ya. Orí ẹ̀ náà ni wọ́n ti ń jókòó bọ̀."

Dókítà rẹ́rìn-ín títí omi fi yọ lójú rẹ̀. Ìyàwó bẹ̀rẹ̀ sí í bi í ní ìbéèrè: ṣé kí òun máa jẹ́ kí ọbẹ̀ ki sí i ni, ṣé ọ̀rọ̀ tí ọkọ òun ń sọ láti àárọ̀ di alẹ́ kò ní tètè rẹ ahọ́n náà, ṣé kò sí oògùn tó lè dín ọ̀rọ̀ náà kù díẹ̀, nítorí Ọlọ́run. Ìṣólẹ́nu wo aago ara ògiri. Aago mẹ́rin ni ọ̀gá gbọ̀ngàn eré máa ń ti ọ́fíìsì rẹ̀, aago mẹ́ta sì ti lù. Ó fi ọwọ́ òsì ti ara rẹ̀ dìde, ó kí Dókítà, ó ṣí ilẹ̀kùn, ó sì jáde.